Ẹ̀kọ́ Èdè àti Àṣà Jàpáànì gẹ́gẹ́ bí Ẹ̀kọ́ Kejì ní Yunifásítì Ilẹ̀ Amẹ́ríkà láti 1941

1. Ìfáàrà

Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì ilẹ̀ Amẹ́ríkà, akẹ́kọ̀ọ́ lè ní ẹ̀kọ́ méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Èkíní ni olórí ẹ̀kọ́, èyí tí wọn yóò tìtorí rẹ̀ fún un ní oyè. Èkejì ni èyí tí ó fi ń ti olórí ẹ̀kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Iṣẹ́ inú rẹ̀ kò pọ̀ tó ti èkíní. Lọ́pọ̀ ìgbà kì í ju kọ́ọ̀sì márùn-ún sí méje lọ, síbẹ̀ orúkọ rẹ̀ yóò wà nínú àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ náà. Irú èyí ni àpilẹ̀kọ yìí ń pè ní ẹ̀kọ́ kejì. Èdè àti àṣà Jàpáànì wà lára ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, ti ètò ọrọ̀-ajé, ti ìtàn àti ti iṣẹ́ ọnà ń yàn bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan kò ka irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ kún. Wọn a ní ohun àfiṣeré ni, àti pé ẹni tí kò bá fi gbogbo ara kọ́ èdè tí ó le tó bẹ́ẹ̀ ń fi àkókò rẹ̀ ṣòfò ni. Nígbà tí owó bá wọ́n, ẹ̀kọ́ tí kò ní akẹ́kọ̀ọ́ púpọ̀ ni ojú àwọn alákòóso máa ń kọ́kọ́ lọ sí. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ìtàn ẹ̀kọ́ náà di ohun àyẹ̀wò. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé àìní ìjọba àti àìní òwò ni ó ń ṣí ilẹ̀kùn yunifásítì fún èdè Jàpáànì láti ìgbà dé ìgbà, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú àwọn àìní náà tí kì í kọjá lọ. Ohun tí ó mú kí ẹ̀kọ́ náà dúró nígbà tí àìní bá ti kọjá ni pé àwọn olùkọ́ rẹ̀ tí ó mọṣẹ́ kò ya èdè nípá kúrò lára àṣà.

2. Kí Ogun Tó Dé

Láti 1641 títí di àárín ọ̀rúndún 19, àwọn oníṣòwò ilẹ̀ Netherlands nìkan ni ará Yúróòpù tí ìjọba Jàpáànì gbà láyè láti máa wá ṣòwò ní èbúté Nagasaki. Kò yani lẹ́nu, nígbà náà, pé Leiden, ní ilẹ̀ Netherlands, wà lára àwọn ibi tí ẹ̀kọ́ èdè Jàpáànì ti kọ́kọ́ fìdí múlẹ̀ ní Yúróòpù, lábẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n J. J. Hoffmann. Òwò ni ó ṣíwájú. Ìwé ni ó tẹ̀ lé e.

Ní Amẹ́ríkà, ẹ̀kọ́ náà kò tíì lágbára títí di 1941. Asakawa Kan'ichi ti ń kọ́ni ní ìtàn ní Yale láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 20. Serge Elisséeff, ará Rọ́ṣíà tí ó kẹ́kọ̀ọ́ jáde ní yunifásítì ìjọba ní Tokyo, dé Harvard ní àwọn ọdún 1930. Ní Columbia, ní New York, Tsunoda Ryusaku ni ó kó ìwé Jàpáànì jọ tí ó sì ń kọ́ni ní ìtàn ìrònú àwọn ará Jàpáànì. Iye àwọn tí ń wá sọ́dọ̀ irú àwọn olùkọ́ bẹ́ẹ̀ kò tó nǹkan.

Àpẹẹrẹ kan fi bí ọ̀ràn náà ṣe rí hàn. Ní 1940, Donald Keene, ọ̀dọ́mọkùnrin tí a bí ní New York ní 1922, ra ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí Arthur Waley ṣe fún ìtàn Genji ní ọ̀pọ́ nítorí pé ìwé náà tóbi, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Ìwé náà wọ̀ ọ́ lára. Ní 1941, ó forúkọ sílẹ̀ fún kọ́ọ̀sì Tsunoda ní Columbia, ó sì rí i pé òun nìkan ni ó forúkọ sílẹ̀. Ó fẹ́ fi kọ́ọ̀sì náà sílẹ̀ kí ó má baà fi àkókò àgbà olùkọ́ ṣòfò, ṣùgbọ́n Tsunoda dá a lóhùn pé akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo tó. Gẹ́gẹ́ bí Keene ti máa ń sọ ọ́ lẹ́yìn náà, olùkọ́ yìí a kọ̀wé kún pátákó kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, a sì kó ìwé jọ síwájú nítorí ìbéèrè tí ó lè jáde lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́ kan náà. Bí ó bá jẹ́ pé kíka orí ni wọ́n fi ń díwọ̀n ẹ̀kọ́ ní Columbia ní ọdún náà, kọ́ọ̀sì yẹn kì bá tí wáyé.

3. Ilé-Ẹ̀kọ́ Ogun

Nígbà tí ìjà ń rọ̀ dẹ̀dẹ̀ láàárín Amẹ́ríkà àti Jàpáànì, àwọn olórí ogun rí i pé àwọn tí ó gbọ́ èdè ọ̀tá wọn lábẹ́ àṣẹ wọn kò tó nǹkan. Ní October 1941, àwọn ọmọ-ogun ojú omi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ èdè Jàpáànì ní Harvard àti ní yunifásítì California tí ó wà ní Berkeley. Ní ọjọ́ 1 November ọdún kan náà, àwọn ọmọ-ogun orí ilẹ̀ ṣí ilé-ẹ̀kọ́ tiwọn sí Presidio, ní San Francisco, pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 60. Nínú wọn, 58 jẹ́ Nisei, èyíinì ni àwọn ọmọ tí a bí sí Amẹ́ríkà láti ọ̀dọ̀ àwọn òbí tí ó ṣí wá láti Jàpáànì. Kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà tí Jàpáànì fi kọlu Pearl Harbor, ní ọjọ́ 7 December 1941.

Ní 1942, ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ-ogun orí ilẹ̀ ṣí lọ sí Camp Savage ní ìpínlẹ̀ Minnesota. Ti ọmọ-ogun ojú omi ṣí kúrò ní Berkeley lọ sí yunifásítì Colorado ní ìlú Boulder ní June ọdún kan náà. Láti ọ̀dọ̀ ọmọ-ogun orí ilẹ̀ nìkan, nǹkan bí 6,000 ènìyàn ni ó kẹ́kọ̀ọ́ jáde kí 1946 tó parí.

Ẹ̀kọ́ Boulder kì í ṣe ẹ̀kọ́ eré. Wákàtí mẹ́rin ni akẹ́kọ̀ọ́ ń lò nínú kíláàsì lójúmọ́, ọjọ́ mẹ́fà láàárín ọ̀sẹ̀, fún nǹkan bí ọdún kan. Iṣẹ́ tí wọn yóò fi ọwọ́ ara wọn ṣe lẹ́yìn kíláàsì ju èyí lọ dáadáa, ìdánwò sì ń bẹ ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Kíláàsì kéré, kí olùkọ́ baà lè gbọ́ ohùn ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìwé tí wọ́n ń kà ni èyí tí Naganuma Naoe ti kọ ní Tokyo ṣáájú ogun, fún àwọn ọ̀gá ológun tí ó wá kọ́ èdè ní ẹ́ḿbásì Amẹ́ríkà níbẹ̀. Láti ojú-ìwé àkọ́kọ́ títí dé òpin, èdè àwọn ará Jàpáànì àti ìgbésí ayé wọn ni ó wà nínú rẹ̀ pọ̀.

4. Àwọn Olùkọ́ àti Àwọn Ènìyàn Wọn

Ìdí tí ilé-ẹ̀kọ́ náà fi kúrò ní Berkeley yẹ ní àkíyèsí, nítorí òun ni ó gba ojú rere lọ́wọ́ ìtàn yìí. Ní ọjọ́ 19 February 1942, Ààrẹ Franklin Roosevelt fọwọ́ sí àṣẹ kan tí ó fún àwọn ológun lágbára láti lé ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá fẹ́ kúrò ní agbègbè etí òkun ìwọ̀-oòrùn. Àwọn tí wọ́n lo àṣẹ náà fún ni àwọn tí ó ní ẹ̀jẹ̀ Jàpáànì lára. Nǹkan bí 120,000 ènìyàn ni wọ́n kó lọ sí àgọ́ tí wọ́n fi wáyà ẹlẹ́gùn-ún yí ká, tí ọmọ-ogun sì ń ṣọ́. Bí ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn jẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà, tí òfin ilẹ̀ náà kà sí ọmọ onílẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn wọ̀nyí kan náà ni olùkọ́. Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá dúró ní California, àwọn olùkọ́ rẹ̀ yóò di ẹni tí wọ́n kó lọ sí àgọ́. Nítorí náà ni wọ́n ṣe gbé gbogbo rẹ̀ lọ sí Colorado, tí àṣẹ náà kò dé. Bí iye akẹ́kọ̀ọ́ ti ń pọ̀ sí i, wọ́n mú àwọn olùkọ́ mìíràn jáde láti inú àgọ́ wá sí Boulder. Bákan náà ni àwọn Nisei kan ti inú àgọ́ yọ̀ǹda ara wọn fún Camp Savage, tí wọ́n fi bàbá àti ìyá wọn sílẹ̀ sẹ́yìn wáyà. Tsunoda pàápàá, ní New York, ni wọ́n tì mọ́lé lẹ́yìn Pearl Harbor kí wọ́n tó yẹ ọ̀ràn rẹ̀ wò, tí wọ́n sì dá a sílẹ̀ láti padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ìjọba tí ó ń ṣọ́ àwọn ẹbí olùkọ́ bí ẹlẹ́wọ̀n ni ó ń bẹ olùkọ́ pé kí ó wá kọ́ àwọn ọ̀gá ogun òun ní èdè. Ó rọrùn fún irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ láti kọ́ni ní ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ tí a lè fi yẹ òǹdè ogun lẹ́nu wò, kí ó sì dákẹ́. Ohun tí wọ́n ṣe kọ́ nìyẹn. Wọ́n kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní orin, wọ́n fi fíìmù Jàpáànì hàn wọ́n, wọ́n sì kọ́ wọn ní bí ọmọdé ti ń bá àgbà sọ̀rọ̀ àti bí àlejò ti ń wọlé onílé. Lójú ìjọba, èdè ọ̀tá ni èdè náà, ṣùgbọ́n lẹ́nu àwọn tí ó ń kọ́ni, èdè ìyá wọn ni. Títí di 1988 ni òfin kan ṣẹ̀ṣẹ̀ tọrọ àforíjì lórúkọ orílẹ̀-èdè náà, tí ó sì ní kí wọ́n san 20,000 dọ́là fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tí ó ti àgọ́ náà jáde tí ó ṣì wà láàyè.

5. Èso Lẹ́yìn Ogun

Èso ẹ̀kọ́ náà hàn ju bí àwọn olórí ogun ti rò lọ. Iṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé lé Keene lọ́wọ́ ní erékùṣù Òkun Pàsífíìkì ni kíka ìwé tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ọ̀tá. Lára wọn ni ìwé ìrántí ojoojúmọ́ tí àwọn ọmọ-ogun Jàpáànì tí ó ti kú kọ. Ẹni tí ó mọ èdè lásán yóò wá ibi tí wọ́n kó ìbọn pamọ́ sí nínú ìwé bẹ́ẹ̀. Keene rí i nínú wọn, gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ti jẹ́rìí lẹ́yìn náà, pé ènìyàn ni àwọn tí ó kọ ọ́, tí ebi ń pa, tí ilé ń sọ.

Lẹ́yìn ogun, Keene padà sí Columbia, ó sì di olùkọ́ níbẹ̀. Ní 1955 ó gbé àkójọ lítíréṣọ̀ Jàpáànì jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1958, Tsunoda, Keene àti Theodore de Bary, tí òun náà gba ẹ̀kọ́ ọmọ-ogun ojú omi, gbé ìwé *Sources of Japanese Tradition* jáde fún ìlò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì. Edward Seidensticker, ọmọ Colorado tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ní Boulder, túmọ̀ ìwé Kawabata Yasunari tí a mọ̀ sí *Snow Country* ní 1956. Ní 1968, Kawabata gba ẹ̀bùn Nobel fún lítíréṣọ̀. Ní 1976, Seidensticker parí ìtumọ̀ tuntun fún ìtàn Genji, èyí tí Murasaki Shikibu kọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 11. Ní 1947, yunifásítì Michigan ti dá ibùdó ẹ̀kọ́ Jàpáànì sílẹ̀, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà.

Àwọn ìwé wọ̀nyí ni ó jẹ́ kí ẹ̀kọ́ kejì ṣeé ṣe. Kí wọ́n tó jáde, ẹni tí yóò ka lítíréṣọ̀ Jàpáànì ní láti sọ ọ́ di iṣẹ́ ayé rẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n jáde, akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ tí ó wà ní ọdún kejì èdè lè ka Genji ní Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀sẹ̀ kan náà tí ó ń kọ́ bí a ti ń kí ọ̀gá. Ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ láti fi ṣẹ́gun àwọn ènìyàn kan ni ó pèsè ohun èlò tí àwọn mìíràn fi mọ̀ wọ́n.

6. Owó àti Iye Akẹ́kọ̀ọ́

Ilẹ̀kùn kejì ṣí ní 1958. Ní ọdún tí ó ṣáájú, ìjọba Soviet ti fi Sputnik ránṣẹ́ sí òfurufú, ìbẹ̀rù sì mú Amẹ́ríkà. Òfin ètò ẹ̀kọ́ fún ààbò orílẹ̀-èdè, tí wọ́n ṣe ní 1958, ya owó sọ́tọ̀ fún èdè tí ìjọba kà sí kòṣeémánìí, Jàpáànì sì wà lára mẹ́fà tí ó ṣíwájú. Ní 1963, ìwé ìkẹ́kọ̀ọ́ Eleanor Jorden, *Beginning Japanese*, ti wà lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́.

Ilẹ̀kùn kẹta ni ti òwò. Bí ọkọ̀, rédíò àti tẹlifíṣọ̀n Jàpáànì ti gba ọjà ayé, àwọn ará Jàpáànì fúnra wọn bẹ̀rẹ̀ sí ná owó sórí ẹ̀kọ́ náà. Ìjọba wọn dá Japan Foundation sílẹ̀ ní 1972. Ní 1973, ó fún yunifásítì Amẹ́ríkà mẹ́wàá ní mílíọ̀nù kọ̀ọ̀kan dọ́là. Ìdánwò èdè Jàpáànì fún àwọn àjèjì bẹ̀rẹ̀ ní 1984, ètò JET tí ó ń kó àwọn ọ̀dọ́ tí ó ti gboyè lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ Jàpáànì sì bẹ̀rẹ̀ ní 1987. Iye akẹ́kọ̀ọ́ èdè náà ní yunifásítì Amẹ́ríkà, tí ó ju 1,700 díẹ̀ ní 1960, di nǹkan bí 11,500 ní 1980. Ó ju 23,000 lọ ní 1986, ó sì ju 45,000 lọ ní 1990.

Láti 1990 ni ọrọ̀-ajé Jàpáànì ti bẹ̀rẹ̀ sí rọ̀. Bí ó bá jẹ́ òwò nìkan ni ó gbé ẹ̀kọ́ náà ró, ó yẹ kí ó wó pẹ̀lú rẹ̀. Kò wó. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn wọlé, tí ó ti ilé bá manga, ìwé ìtàn alàwòrán, àti anime, fíìmù alàwòrán, mọ́ra. Ní 2021, iye wọn ju 65,000 lọ. Láàárín 2016 sí 2021, tí iye àwọn tí ń kọ́ èdè àjèjì lápapọ̀ dín ní ohun tí ó ju ìdá 16 nínú 100 lọ, ti Jàpáànì kò dín tó ìdá 5. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà: ọ̀nà tí àwọn wọ̀nyí gbà yàtọ̀ sí ti Keene, ṣùgbọ́n ìtàn kan tí ó wọ̀ wọ́n lára ni ó mú àwọn náà wá.

7. Ohun tí Ẹ̀kọ́ Kejì Lè Ṣe

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi bí èdè náà ti le pamọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ń kọ́ àwọn aṣojú ìjọba Amẹ́ríkà fi Jàpáànì sí ìsọ̀rí èdè tí ó le jù lọ, ó sì ya nǹkan bí wákàtí 2,200 sọ́tọ̀ fún un nínú kíláàsì. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń lo wákàtí márùn-ún lọ́sẹ̀ fún ọgbọ̀n ọ̀sẹ̀ yóò lo 150 lọ́dún. Ní ọdún méjì, ó ti lo 300, èyí tí kò pé ìdá kan nínú méje. Ọ̀wọ́ álífábẹ́ẹ̀tì méjì ni yóò mọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àmì 46, kí ó tó kan àwọn àmì tí Jàpáànì yá lọ́wọ́ Ṣáínà. Àwọn tí ìjọba Jàpáànì kà sí èyí tí ó yẹ ní mímọ̀ fún gbogbo ènìyàn jẹ́ 1,850 ní 1946, 1,945 ní 1981, àti 2,136 láti 2010.

Nítorí náà, ẹ̀kọ́ kejì kò lè sọ akẹ́kọ̀ọ́ di ògbufọ̀. Ẹni tí ó bá ṣèlérí bẹ́ẹ̀ fún un ń tàn án ni. Ohun tí ó lè ṣe yàtọ̀. Bí àpẹẹrẹ, ọ̀rọ̀-ìṣe 'jẹun' ni *taberu*. Bí ó bá jẹ́ àgbà tàbí ọ̀gá ni ó ń jẹun, *meshiagaru* ni. Bí ó bá jẹ́ ẹni tí ń sọ̀rọ̀ ni, tí ó sì rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀, *itadaku* ni. Ẹni tí ó mọ ìyàtọ̀ 'o' àti 'ẹ' nínú èdè Yorùbá yóò rò pé òun ti mọ èyí tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọmọ Yorùbá bá ń sọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ fún àlejò, 'wọ́n' ni yóò pè é. Ní Jàpáànì, ẹni tí ó ń bá ará ìta sọ̀rọ̀ yóò rẹ àwọn ará ilé tirẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀. Bàbá tí ó ń pè ní *otōsan* nínú ilé yóò di *chichi* lójú àlejò, láìsí ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀. Kò sí bí ẹnìkan ṣe lè kọ́ gírámà yìí láì mọ ohun tí ilé àti ìta jẹ́ fún àwọn tí ó ni èdè. Ẹ̀kọ́ kan ni méjèèjì, wákàtí 300 sì tó láti mú un yé ènìyàn.

8. Àgbálọgbábọ̀

Ìtàn tí a tọpa rẹ̀ yìí fi hàn pé ogun, ìbẹ̀rù Sputnik àti òwò ni ó ṣí ilẹ̀kùn fún ẹ̀kọ́ Jàpáànì, lọ́kọ̀ọ̀kan, ní àkókò tirẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn mú owó wá, ó sì kọjá. Àwọn tí ó mú kí ẹ̀kọ́ náà ta gbòǹgbò ni àwọn olùkọ́ tí kò gbà kí àìní ìjọba pinnu ohun tí àwọn yóò fi kọ́ni, lára wọn ni àwọn tí ẹbí wọn wà sẹ́yìn wáyà.

Ọ̀ràn yìí kan èdè Yorùbá pẹ̀lú. Òfin 1958 kan náà wà lára ohun tí ó la ọ̀nà fún èdè Áfíríkà ní yunifásítì Amẹ́ríkà, Yorùbá sì wà lára wọn. Ní 1963, tí *Beginning Japanese* ti jáde, ni ilé-ẹ̀kọ́ àwọn aṣojú ìjọba Amẹ́ríkà gbé ìwé *Yoruba Basic Course* tí Earl Stevick àti Olaleye Aremu kọ jáde. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń kọ́ Yorùbá níbẹ̀ ló ń fi ti olórí ẹ̀kọ́ mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́, bí ìtàn, ẹ̀sìn tàbí orin. Bí àwọn tí ń ṣètò kọ́ọ̀sì fún irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ bá fi ìkíni àti gírámà nìkan dá a lóhùn, ohun tí wọ́n fún un yóò parí ní ọjọ́ ìdánwò. Bí wọ́n bá fi ìtumọ̀ tí ó péye, oríkì, ìtàn àti ìlànà ìbọ̀wọ̀ tì í, wákàtí díẹ̀ tí ó ní yóò tó o lò. Iṣẹ́ ìtumọ̀ ni ó yẹ kí ó ṣíwájú, gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣíwájú fún Jàpáànì, nítorí òun ni ó ń mú kí ẹni tí kò ní ju ọdún méjì lọ lè wọlé, kí ó sì bá ohun gidi níbẹ̀.